Ẹ Jẹ́ Kí Sílíńdà Gáàsì Dúró Ṣinṣin Nínú Ilé Yín

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ìyá àti gbogbo agbo ilé

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Agric, ní gbogbo àyíká Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, gáàsì ìdáná ti gba ipò igi àti kẹrosíìnì. Ó ń yá oúnjẹ jinná, kò ní èéfín tí ń ta ojú, kì í sì í sọ ìkòkò di dúdú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sílíńdà tí ó wà ní igun ilé ìdáná yín jẹ́ ohun tí ó gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin nígbà gbogbo. Ọjọ́ tí ó bá ṣubú, ewu ti wọlé nìyẹn.

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé ni bí sílíńdà kò ṣe ní ṣubú, tí kò sì ní jò, nígbà tí ilẹ̀ bá mì, tí àgbàrá bá ya wọlé, tàbí tí nǹkan bá kọ lù ú. Nígbà tí ẹ bá ka ẹ̀kọ́ yìí tán, ẹ ó lè:

1. sọ ìdí tí sílíńdà tí ó dùbúlẹ̀ fi léwu ju èyí tí ó dúró lọ;
2. de sílíńdà yín mọ́ ògiri, tàbí kí ẹ ṣe ibùjókòó tí ó le fún un;
3. mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe bí ilẹ̀ bá mì, bí gáàsì bá ń jò, àti bí iná bá jó ènìyàn.

ǸJẸ́ ILẸ̀ MÁA Ń MÌ NÍ Ọ̀DỌ̀ WA?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìsẹ̀lẹ̀, èyíinì ni kí ilẹ̀ máa mì tìtì, jẹ́ ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Òótọ́ ni pé orílẹ̀-èdè wa kò sí lára ibi tí ìsẹ̀lẹ̀ ti máa ń wó ìlú. Síbẹ̀, ilẹ̀ ti mì níhìn-ín rí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939, ìsẹ̀lẹ̀ ńlá ṣẹlẹ̀ ní Accra, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, àwọn ènìyàn sì mọ̀ ọ́n lára dé Èkó àti Ìbàdàn. Ní ọdún 1963, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọdún 1984, ó tún mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣágámù, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ilẹ̀ mì ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin, ìmìtìtì náà sì dé ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà sí Ìkòròdú, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́.

Kì í ṣe ìsẹ̀lẹ̀ nìkan ní ń mi ilé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kíní ọdún 2002, nígbà tí àwọn bọ́ǹbù bú gbàmù ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà, ilé mì, gíláàsì fèrèsé sì fọ́ ní ibi tí ó jìnnà réré sí bárékè náà. Àgbàrá pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 2010, omi Odò Ògùn kún bo ilé púpọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú, lẹ́yìn tí a tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, ẹ̀wẹ̀, ewu ojoojúmọ́ wà: bọ́ọ̀lù tí ọmọ gbá, ewúrẹ́ tí ó wọ ilé ìdáná, àti ẹsẹ̀ tí ó kọ́ rọ́bà nínú òkùnkùn nígbà tí wọ́n mú iná lọ.

Ọgbọ́n tí a fi ń dáàbò bo sílíńdà lọ́wọ́ ìsẹ̀lẹ̀ kan náà ni a fi ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ gbogbo ìwọ̀nyí. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé, "Ilẹ̀ kì í ṣáà mì ní Agric." Àwọn àgbà wí pé, agbára òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ SÍLÍŃDÀ

Gáàsì ìdáná jẹ́ àdàpọ̀ ohun méjì tí a ń pè ní propane àti butane. Nínú sílíńdà, a ti fún un pọ̀ títí ó fi di omi. Lókè omi náà ni afẹ́fẹ́ gáàsì wà, afẹ́fẹ́ yìí ni ó sì ń gba inú rọ́bà lọ sí ojú iná. Bí sílíńdà bá dúró, afẹ́fẹ́ nìkan ní ń jáde. Bí ó bá dùbúlẹ̀, omi gáàsì yóò dé ẹnu fáàfù, èyíinì ni ibi tí a ń yí láti ṣí gáàsì àti láti tì í. Bí fáàfù bá wà ní ṣíṣí, tàbí bí rọ́bà bá ti já, omi náà yóò tú jáde. Lítà kan omi gáàsì lè di nǹkan bí lítà 250 afẹ́fẹ́ gáàsì. Ìyẹn tó láti sọ ilé ìdáná kékeré di ibi ewu láàárín ìgbà díẹ̀.

Ẹ rántí ohun mẹ́ta mìíràn:

Èkíní, gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ni ó ń rá, tí ó ń kó jọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti sínú gọ́tà, títí yóò fi rí iná.

Èkejì, gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. A fi ohun kan sí i tí ó ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, kí imú wa lè kìlọ̀ fún wa. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo òórùn yìí.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí a bá pe sílíńdà ní kílò 12.5, gáàsì inú rẹ̀ nìkan ni a ń sọ. Bí a bá fi irin rẹ̀ kún un, ó ju kílò 25 lọ. Bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá ṣubú lu ọmọdé, ó lè ṣẹ́ ẹ léegun kí a tó sọ̀rọ̀ iná rárá.

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ JÀPÁÁNÙ RÍ KỌ́

Ó dára kí a kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tí ojú wọn ti rí i. Ní ìdájí ọjọ́ 17 oṣù Kíní ọdún 1995, ìsẹ̀lẹ̀ wó ìlú Kobe ní orílẹ̀-èdè Jàpáánù. Àwọn ènìyàn tí ó kú ju 6,000 lọ. Kì í ṣe ilé wíwó nìkan ni ó fa àdánù. Iná sọ láti àdúgbò kan sí èkejì, ó sì jó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé. Gáàsì tí ń jò àti iná mànàmáná tí ó padà dé sínú ilé tí ó ti wó wà lára ohun tí ó dá iná wọ̀nyí sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, ìsẹ̀lẹ̀ mìíràn ru omi òkun sókè wọ ìlú, omi náà sì gbá sílíńdà kúrò lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń léfòó, wọ́n sì ń jò bí wọ́n ti ń lọ.

Ní Jàpáánù, ìta ilé ni sílíńdà máa ń wà, tí a fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri. Wọ́n tún ní mítà tí ń ti gáàsì fúnra rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mì gidigidi. Àwa kò ní irú mítà bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa, ṣùgbọ́n a ní ọwọ́. Ìyá tí ó ń ti fáàfù orí sílíńdà ní gbogbo ìgbà tí ó bá dáná tán ti ṣe iṣẹ́ mítà náà kí ewu tó dé. Kí ẹ ti ojú iná nìkan kò tó. Bí fáàfù orí sílíńdà bá wà ní títì, bí rọ́bà tilẹ̀ já, ìwọ̀nba gáàsì inú rọ́bà nìkan ni yóò jáde.

BÍ A ṢE Ń DE SÍLÍŃDÀ

Ohun tí ẹ nílò ni ṣéènì irin, ìkọ́ irin mẹ́rin, àti káfíńtà, wẹ́dà tàbí bíríkìlà tí ó lè lu ògiri láìfọ́ ọ.

1. Ẹ wá ibi tí ó tẹ́jú, tí ó sì le, fún sílíńdà. Bí ààyè bá wà, ìta ilé ìdáná ni ó dára jù, níbi tí oòrùn kò ti ní pa á, tí òjò kò sì ní pa á. Kí ó má ṣe sún mọ́ gọ́tà, jẹnẹrétọ̀, tàbí ibi tí ẹ ti ń sun ẹran.

2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ri ìkọ́ méjì mọ́ ògiri lókè, ọ̀kan lápá ọ̀tún sílíńdà, èkejì lápá òsì. Kí ó ga tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga sílíńdà. Kí wọ́n ri méjì yòókù mọ́ ìsàlẹ̀, ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ilé bá jẹ́ ti pákó, bí ó ti wà ní àwọn etí omi ní Ẹ̀pẹ́, ara òpó ni kí wọ́n ri ìkọ́ mọ́, kì í ṣe ara pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

3. Ẹ fi ṣéènì yí ara sílíńdà ká ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Kí ó fún tó bẹ́ẹ̀ tí sílíńdà kò fi ní lè tẹ̀ síwájú. Ẹ má ṣe dè é ní ọrùn fáàfù, ẹ má sì lo okùn ọ̀rá, nítorí pé ooru máa ń yọ́ ọ.

4. Ẹ má ṣe fi àgádágodo tì í. Ẹ jẹ́ kí ṣéènì ṣeé fi ọwọ́ yọ kíákíá nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ rọ gáàsì, tàbí nígbà tí ewu bá dé.

5. Kí rọ́bà má ṣe le tantan bí okùn ìlù, kí ó má sì gùn dé ibi tí ẹsẹ̀ yóò máa kọ́ ọ. Kí kílíìpù irin di orí rẹ̀ méjèèjì mú. Bí rọ́bà bá ti là, tí ó gan, tàbí tí eku ti jẹ ẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

6. Ẹ kó odó, ìkòkò irin àti ohun wíwúwo gbogbo kúrò lórí pẹpẹ tí ó wà lókè sílíńdà. Bí ilẹ̀ bá mì, orí fáàfù ni wọn yóò já lé.

7. Nígbà tí ẹ bá ti so gbogbo rẹ̀ tán, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi kànrìnkàn pa á sí orí fáàfù àti gbogbo oríkèé rọ́bà. Ẹ ṣí fáàfù. Bí ìfófòó bá ń wú, gáàsì ń jò níbẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìṣáná wò ó láéláé.

FÚN ẸNI TÍ Ó Ń LO SÍLÍŃDÀ KÉKERÉ, ÀTI FÚN AYÁLÉGBÉ

Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ń gbé yàrá kan ń lo sílíńdà kékeré tí ojú iná wà lórí rẹ̀. Irú èyí máa ń yára ṣubú, nítorí pé ìkòkò wà lókè, ìdí rẹ̀ sì kéré. Ẹ sọ fún káfíńtà kí ó kan férémù onígi onígun mẹ́rin tí ìdí sílíńdà yóò jókòó sínú rẹ̀, kí férémù náà sì fẹ̀ ju ìdí sílíńdà lọ dáadáa. Ilẹ̀ ni kí ẹ gbé e lé, kì í ṣe orí tábìlì tàbí àpótí. Ẹ má ṣe gbé ìkòkò ńlá ka orí rẹ̀. Ẹ má ṣe dáná nínú yàrá tí ọmọ ń sùn sí, tàbí ní ojú ọ̀nà tí gbogbo ilé ń gbà jáde.

Bí onílé kò bá gbà kí ẹ lu ògiri, ẹ to búlọ́ọ̀kù yí sílíńdà ńlá ká ní igun kan, kí ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kí gáàsì tí ó bá jò lè rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá onílé sọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Ilé tirẹ̀ pẹ̀lú ni ẹ ń dáàbò bò.

BÍ ÀGBÀRÁ BÁ Ń BỌ̀

Sílíńdà tí gáàsì rẹ̀ ti dín kù máa ń léfòó lórí omi. Bí kò bá ní ìdè, omi yóò gbé e, rọ́bà yóò sì já. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí odò ní Ajégúnlẹ̀ àti Májídùn, nígbà tí ìkìlọ̀ omíyalé bá jáde, ẹ ti fáàfù, ẹ yọ rọ́bà, kí ẹ sì gbé sílíńdà lọ sí ibi gíga, ní òòró. Bí kò bá sí àyè láti gbé e, ẹ rí i pé ṣéènì rẹ̀ le. Bí omi bá ti bo sílíńdà mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe lò ó mọ́ títí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

BÍ ILẸ̀ BÁ Ń MÌ

Bí ọwọ́ yín bá wà nítòsí ojú iná, ẹ pa á. Bí kò bá sí nítòsí, ẹ má ṣe sáré lọ bá a. Ẹ kúrò nídìí ìkòkò gbígbóná, ẹ bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì tí ó le, kí ẹ sì fi ọwọ́ bo orí àti ọrùn. Ìmìtìtì kì í sábà pé ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí ó bá dáwọ́ dúró, ẹ ti fáàfù, kí ẹ sì kó àwọn ọmọ jáde pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Ìmìtìtì mìíràn lè tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ìdílé yín ti mọ ibi kan tí gbogbo yín yóò ti pàdé. Ní ọjọ́ bọ́ǹbù Ìkẹjà ní ọdún 2002, púpọ̀ nínú àwọn tí ó kú ni kò sí nítòsí bọ́ǹbù rárá. Wọ́n sáré nínú òkùnkùn wọ inú omi kánààlì ní Òkè-Àfà. Sísáré láìmọ ibi tí à ń lọ lè pa ènìyàn bí ewu fúnra rẹ̀.

Bí sílíńdà bá ti ṣubú, tí ẹ kò sì gbọ́ òórùn tàbí ariwo, ẹ tì í, ẹ gbé e dúró, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ wò ó kí ẹ tó dáná.

BÍ Ẹ BÁ GBỌ́ ÒÓRÙN GÁÀSÌ

- Ẹ má ṣe ṣá ìṣáná. Ẹ má ṣe tan iná mànàmáná, ẹ má sì pa èyí tí ó ti wà ní títàn. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀, ẹ má sì lo fóònù nínú ilé náà.
- Bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìséwu, ẹ ti fáàfù, ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀.
- Ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde, kí ẹ sì kìlọ̀ fún aládùúgbò.
- Nígbà tí ẹ bá ti jìnnà sí ilé, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó, 112 tàbí 767.

Bí iná bá ti mú sílíńdà, tí ọwọ́ kò sì lè dé fáàfù, ẹ fi ẹrù sílẹ̀, kí ẹ sá jìnnà. A lè ra ìkòkò mìíràn.

BÍ INÁ BÁ JÓ ÈNÌYÀN

Ẹ da omi mímọ́ tí ó tutù, kì í ṣe omi yìnyín, sí ojú ibi tí ó jó fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́ àti aṣọ tí kò lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín, bí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìkòròdú. Ẹ má ṣe fi epo pupa, ẹyin, ògì tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i, nítorí pé wọ́n máa ń jẹ́ kí ojú egbò díbàjẹ́. Ọmọdé, aláboyún, àti ẹni tí iná jó ní ojú tàbí ní ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró sílé rárá.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí parí sórí ìwé. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ wo sílíńdà yín, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan tì í wò. Bí ó bá mì, ẹ wá ṣéènì.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú sílíńdà nígbà tí ó bá dùbúlẹ̀?
2. Kí ni ìdí tí a fi ń ti fáàfù orí sílíńdà, tí kì í ṣe ojú iná nìkan?
3. Ibo ni sílíńdà wà nínú ilé yín? Kí ni ó lè ṣubú lù ú?
4. Níbo ni ìdílé yín yóò ti pàdé bí ẹ bá ní láti sá jáde lóru?
5. Kí ni ẹ óò kọ́kọ́ ṣe bí omi gbígbóná tàbí iná bá jó ọmọ yín?